Wọn Ò Pe Orúnkún sí Ìpàdé Òkè Olórí-Méje

Ẹ fi ìwé yẹn pa mọ́ ná. Mo ní ẹ fi pa mọ́! Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìlú yìí, láti àárọ̀ ni mo ti jókòó sábẹ́ igi ọdán yìí tí mò ń gbọ́ ariwo yín. Ẹ ní ẹ fẹ́ gun àwọn òkè ìhà ọ̀hún láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Ó dára. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí ẹ ti ń pín ọ̀nà bí ẹni ń pín ẹran iléyá: ọjọ́ kìíní, máìlì méjìdínlógún, ọjọ́ kejì, ogún, ọjọ́ kẹta, ogún géérégé. Ta ló sọ fún yín pé òkè mọ ogún? Ẹ gbé ìjókòó súnmọ́ mi. Kí ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́ tètè wú u, torí èmi kì í sọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ má sì wò mí pé mo ti darúgbó. Èmi tí ẹ ń wò yìí, mo ti fi ìrù ẹfọ̀n nu òógùn ojú mi nígbà tí ẹfọ̀n náà ṣì ń mí. Mo ti bá iwin du ibùsùn, mo sì gba ìrọ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀. Àní kí wọ́n tó bí mi rárá ni mo ti rin ìrìn ọjọ́ kan gbáko, ẹsẹ̀ mi ò sì kan ilẹ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín! Ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa. Ìwọ Adégòkè, pa ẹnu dé, eṣinṣin ń wò ọ́. Bí mo bá parí ìtàn yìí tán, kí ẹ tún wá rẹ́rìn-ín kí n rí i.

Ọdẹ kan wà ní ìlú Pẹ̀tẹ́lẹ̀, Ọdẹ́ṣínà lórúkọ rẹ̀. Ìlú náà tẹ́ pẹrẹsẹ débi pé bí ọsàn bá bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn níbẹ̀, ibi tó bọ́ sí náà ni yóò dúró sí, kò ní yí. Kò sí ará ìlú kan tó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá gbójú sókè, yóò rí Òkè Olórí-Méje lọ́ọ̀ọ́kán, tí orí rẹ̀ méjèèje tò sẹ́yìn ara wọn wọnú kùrukùru.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọdẹ́ṣínà bí, obìnrin ni, Ìbídùn ni wọ́n ń pè é. Láti kékeré ọmọ yìí ni àṣà kan ti wà láàárín òun àti bàbá rẹ̀. Bí bàbá bá ń bọ̀ láti oko ọdẹ, tó bá dé etí igbó, yóò yin ìbọn kan sókè. Bí Ìbídùn bá ti gbọ́ ọ, ohun yòówù kó máa ṣe, yóò jù ú sílẹ̀, yóò sáré lọ pàdé bàbá rẹ̀ lọ́nà, yóò gba ẹrù orí rẹ̀. Ní Pẹ̀tẹ́lẹ̀, ìtìjú ńlá ni kí ọmọ jókòó sílé kí òbí rẹ̀ sì fi orí ara rẹ̀ ru ẹrù wọ ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí Ìbídùn dàgbà, tó lọ sílé ọkọ pàápàá, kò fi àṣà náà sílẹ̀. Ọkọ rẹ̀, ahunṣọ ni, ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n alángbá ń bà á lẹ́rù. Ẹ jẹ́ ká fi tirẹ̀ sílẹ̀ ná.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Ìbídùn lóyún, ẹ̀ẹ̀mejì ni ọmọ náà kú sí ọ̀nà àtiwáyé, ìkejì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mú òun fúnra rẹ̀ lọ. Nígbà tó lóyún ẹ̀ẹ̀kẹta, ìyá àgbẹ̀bí ìlú náà, Ìyá Ògẹ̀, fi ọwọ́ kan ikùn rẹ̀, ó mi orí. Ó ní, "Ọdẹ́ṣínà, èmi ò ní purọ́ fún ọ. Bí ọmọ rẹ bá tún rọbí lásán báyìí, ìyá àti ọmọ ló ń lọ. Ewé kan ló lè gbà á, Sọ̀kalẹ̀-wẹ́rẹ́ lórúkọ rẹ̀. Orí keje òkè yẹn nìkan ló ń hù sí. Oṣù tuntun lé lánàá. Bí òmíràn bá fi máa lé, ọmọ yìí yóò ti dé."

Ọdẹ́ṣínà ní òun ń lọ lọ́la. Họ́wù! Lọ́la ṣe jẹ́? Ṣé ènìyàn kàn ń dìde lọ lásán ni? Olóyè Láníyọnu gbọ́, ó ní kí wọ́n pe ìpàdé. Olóyè yìí ni aláṣẹ ìṣirò ní Pẹ̀tẹ́lẹ̀. Kò rìn kọjá ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ rí, orí àga ni wọ́n fi ń gbé e lọ sí ààfin, ṣùgbọ́n bó bá kan ọ̀rọ̀ ìrìn, kò sí ẹni tó lè bá a sọ ọ́. Ẹnu dùn-ún ròfọ́, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Olóyè ní, "Ìrìn-àjò kì í ṣe ti ẹsẹ̀, ti orí ni. Igba ó lé ọgọ́rin ibùsọ̀ ni láti ibí dé orí keje. Bí Ọdẹ́ṣínà bá ń rin ogún ibùsọ̀ lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́rìnlá ni àlọ, ọjọ́ mẹ́rìnlá ni àbọ̀. Ọjọ́ kan yóò ṣẹ́kù kí oṣù tó lé. Ẹ lè fi ọjọ́ yẹn dúpẹ́ lọ́wọ́ mi."

Ẹnì kan béèrè pé báwo ni Olóyè ṣe mọ gígùn òkè tí kò dé rí. Ó ní, "Mo wò ó láti ojú fèrèsé mi, mo sì fi àtàǹpàkò wọ̀n ọ́n."

Ìyá Ògẹ̀ ní ẹni tó ń lọ sọ́jà Ẹrẹ́nà ní ojú ọ̀nà tó tẹ́ yìí, ibùsọ̀ mẹ́wàá ló ń rìn lójúmọ́, báwo ni ti orí òkè ṣe máa di ogún? Olóyè rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n bi ní ohun tó ń dúró dè. Ó ní, "Ìyá, ìkíni ló ń jẹ mẹ́wàá tó kù! Ẹ ò kí baba yìí, ẹ ò kí ìyá yẹn, ẹ ò ní dọ̀bálẹ̀, ẹ ò ní kúnlẹ̀, ẹ ò ní béèrè ewúrẹ́ àti ọmọ ewúrẹ́? Lórí òkè, kò sí ènìyàn. Ta ni yóò kí? Mo kó gbogbo àyè ìkíni, mo sọ ọ́ di ibùsọ̀." Gbogbo ìpàdé pàtẹ́wọ́. Àwọn mìíràn tilẹ̀ sunkún, pé ọgbọ́n báyìí wà láyé.

Ìbídùn dìde pẹ̀lú ikùn rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, mo ní ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tí bàbá mi bá ń bọ̀, èmi…"

"Lọ jókòó!" Olóyè Láníyọnu ló jágbe mọ́ ọn. "Ìwọ ni ẹrù inú ètò yìí. Ẹrù kì í sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé alárù."

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ifẹ̀. Ti àgbà nìkan ni wọ́n fi dá Pẹ̀tẹ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí títí di òní. Ìbídùn jókòó. Bàbá rẹ̀ rí i pé ó jókòó, kò sì gbèjà rẹ̀. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà lẹ́nu ewu kì í bá ọlọ́gbọ́n jiyàn, ó ń rò pé bóyá ẹ̀mí ọmọ náà wà nínú ọgbọ́n ọ̀hún.

Olóyè gbé okùn kan kọ́ Ọdẹ́ṣínà lọ́rùn, ó ta kókó méjìdínlọ́gbọ̀n sí i, ó sì ta irú rẹ̀ mìíràn sọ́wọ́ ara rẹ̀. Ó ní, "Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, kí o tú kókó kan. Ogún ibùsọ̀ ni o! Ẹni tó bá rin mọ́kàndínlógún, ọ̀lẹ ni. Ẹni tó bá rin mọ́kànlélógún, aláṣejù ni. Ẹgbàá ìṣísẹ̀ ni ibùsọ̀ kan. Bí òǹkà bá dàrú mọ́ ọ lójú, padà sí ibi tí o ti bẹ̀rẹ̀ ibùsọ̀ náà, kí o tún un rìn."

Bẹ́ẹ̀ ni Ọdẹ́ṣínà ṣe gbéra. Ení, èjì, ẹ̀ta, ó ń kà á lọ. Ilẹ̀ tẹ́, ara rẹ̀ yá, kò sì sí ẹni tó kí i. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ogún ibùsọ̀ ti pé! Ó wo okùn, ó wo òkè, ó ronú kan ọ̀rọ̀ aláṣejù. Ó jókòó. Ìgbín kan ti ẹ̀yìn bọ̀, ó kọjá lára rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, Ọdẹ́ṣínà ò rí ẹ̀yìn ìgbín náà mọ́. Ọdẹ tó ń sá tẹ̀ lé àgbọ̀nrín, ìgbín fi í sílẹ̀! Bó bá ṣe èmi ni, ǹ bá ti fi okùn yẹn so ewúrẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ mi kankan nílé tó ń dúró de ewé lọ́jọ́ náà, nítorí náà n kò ní pẹ́ púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yẹn.

Ní ọjọ́ kẹta, ó dé ẹsẹ̀ orí kìíní òkè náà, ó sì bá ìlú kan níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Múrasílẹ̀. Gbogbo ará ìlú náà ló ń lọ sórí òkè. Gbogbo wọn ti di ẹrù. Òṣùwọ̀n wà lẹ́nu ọ̀nà gbogbo ilé, àárọ̀ àárọ̀ ni wọ́n sì ń wọn ẹrù wọn kó má bàa wúwo. Wọ́n ti gé pákò ìrunnu wọn sí méjì, wọ́n ju ìlàjì nù. Wọ́n ti gé ìrù ṣíbí onígi wọn dànù, ìka ni wọ́n fi ń ro ọbẹ̀ gbígbóná, ọwọ́ gbogbo wọn sì kún fún àpá iná. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ti fá irun ojú rẹ̀ méjèèjì. Ó ní ìwúwo ni, pé bó bá yá, Ọdẹ́ṣínà náà yóò mọ̀ ọ́n lára.

Bí wọ́n ṣe rí àlejò, wọ́n yí i ká. "Báwo ni fìlà rẹ ṣe wúwo tó?" Ọdẹ́ṣínà ò mọ̀. Háà! Wọ́n káwọ́ lérí. Ẹni tí kò mọ ìwúwo fìlà rẹ̀ ń lọ sórí òkè? Wọ́n gé fìlà náà sí méjì. Wọ́n yọ igi èèkù àdá rẹ̀. Wọ́n da ẹ̀tù ìbọn rẹ̀ nù, ó ku èyí tó tó ìbọn kan ṣoṣo, wọ́n ní ọdẹ tó mọ̀ ọ́n yìn kì í yìn ín lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni a ní kó féni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Ó ní, "Ẹ ṣeun. Mo ń lọ."

Wọ́n ní, "Ẹsẹ̀ wo lo máa fi jáde?"

Ọ̀rọ̀ di ìpàdé. Apá kan ní ẹsẹ̀ ọ̀tún, apá kan ní ẹsẹ̀ òsì. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi sọ ọ́, ọ̀rọ̀ púpọ̀ ò sì kún agbọ̀n. Ní ọjọ́ kẹrin ìpàdé náà, Ọdẹ́ṣínà kíyè sí ìyá arúgbó kan tó gbé ẹrù pọ̀n, tó dúró lẹ́nu ibodè bí ẹni tó ń lọ lójú ẹsẹ̀. Ó bi í pé, "Ìyá, ìgbà wo lẹ ń lọ?"

Ìyá náà wò ó pẹ̀lú àánú. Ó ní, "Ọmọ mi, ìyá mi ni wọ́n di ẹrù yìí fún."

Ọdẹ́ṣínà kò dúró gbọ́ ìdájọ́ wọn mọ́, ó pa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, ó fò jáde ní ibodè lẹ́ẹ̀kan náà. Mo gbọ́ pé wọ́n ṣì ń jiyàn títí di òní bóyá ìyẹn bófin mu.

Ọjọ́ mẹ́rin ti ṣòfò, ó sì rò pé òun yóò fi ẹsẹ̀ gbà á padà. Ogójì ibùsọ̀ lójúmọ́ ló wá ń lé. Ó gun orí kìíní, ó gun ìkejì, ó ń kà, ó ń mí hẹlẹ, ó ń kà. Bó bá gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, òǹkà a dàrú. Bí òǹkà bá dàrú, yóò padà sísàlẹ̀ lọ tún un kà. Ibi kan wà lórí kejì tí ó tún gùn lẹ́ẹ̀mẹfà nítorí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ìṣísẹ̀. Nígbà tó dé àárín orí kẹta, igbó kan wà níbẹ̀ tí gbogbo ohun tí ènìyàn kò bá béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ rí máa ń sọ̀rọ̀. Ọdẹ́ṣínà ò mọ̀. Ó ń kà á lọ ni nígbà tí orúnkún rẹ̀ ọ̀tún ṣe gììrì, tó dúró, tó sì ní, "Ó tó."

Ó wo ẹ̀yìn, kò rí ẹnì kankan.

"Èmi ni. Wo ìsàlẹ̀. Ẹ pe ìpàdé ìrìn, ẹ pe ẹnu, ẹ pe etí, ẹ tilẹ̀ pe àtàǹpàkò Láníyọnu. Ta ló pe orúnkún?"

Ọdẹ́ṣínà ní, "Jọ̀ọ́, má bínú. Gbé mi lọ, mo ń pẹ́."

"Ibùsọ̀ mélòó lo ń rìn lójúmọ́?"

"Ogójì."

"Ìwọ àti ta ni?"

Ọdẹ́ṣínà fi ìbínú gbé ẹsẹ̀, orúnkún kọ̀, ó sì dojú bolẹ̀. Orúnkún òsì, tí kò sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, wá ní, "Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi bá sọ ni mo wí." Bí ìyà ńlá bá gbéni ṣánlẹ̀, kékeré a máa gorí ẹni. Ọdẹ́ṣínà jókòó sórí àpáta, ó bú Láníyọnu, ó bú àwọn ará Múrasílẹ̀, ó bú òkè, ó sì wá rí i pé kò sí èyí tó gbọ́ nínú wọn. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ó yọ àdín nínú àpò, ó fi pa orúnkún méjèèjì, ó kí wọn kú iṣẹ́, ó sì bẹ̀ wọ́n tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Orúnkún ọ̀tún ní, "O ṣe é o. Wò ó, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó bá kọjú sókè, àwa la máa sọ iye rẹ̀. Bó bá kọjú sísàlẹ̀, kí o tún bẹ̀ wá ju báyìí lọ." Láti ọjọ́ náà, ó rin mẹ́jọ níbi tí mẹ́jọ bá ṣeé ṣe, ó rin mẹ́rìnlá níbi tí wọ́n bá gbà fún un. Ṣùgbọ́n ó ṣì ń kà. Okùn ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ẹ̀rù ṣì ń bà á.

Bó ṣe dé orí kẹfà, ọjọ́ kejìlélógún ti dé, ó sì pàdé àwọn iwin kan tí wọ́n ń pè ní Asáré-kà. Ìsàlẹ̀ àgbọ̀n ni ojú wọn wà kí wọ́n lè máa wo ẹsẹ̀ ara wọn. Wọn kì í kíni. Bí ọ̀kan bá pàdé èkejì, yóò ní, "Mọ́kàndínlógójì!" Èkejì yóò ní, "Ogójì!" Ẹni tó kéré yóò sunkún, yóò sì tún sáré sí i. Ọ̀kan wà nínú wọn tó ti kọjá orí keje nígbà méje kò mọ̀, torí àsìkò ìsinmi rẹ̀ kò tíì tó nígbà tó débẹ̀.

Ọ̀kan béèrè lọ́wọ́ Ọdẹ́ṣínà pé, "Mélòó?" Ọdẹ́ṣínà ní, "Mẹ́jọ." Gbogbo wọn na àgbọ̀n sókè, wọ́n wò ó bí ẹni tó sọ ìsọkúsọ níwájú àna. Ẹ mọ ohun tí ìtìjú ń ṣe fún ọkùnrin. Kò béèrè lọ́wọ́ orúnkún mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn sáré, ó ń kà fatafata. Ẹgbẹ̀rún, ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀, ó ń lọ, ẹgbàá ó dín ogún, ẹgbàá ó dín mẹ́wàá. Ó ku ìṣísẹ̀ mẹ́rin péré kí ibùsọ̀ náà pé nígbà tí ohùn kan ní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà pé, "Ẹ kú ìrìn o."

Bàbá arúgbó kan ni, ó jókòó lórí kùkùté, ewédò ti hù sí irùngbọ̀n rẹ̀. Gbogbo Asáré-kà ló sáré kọjá lára rẹ̀. Bí Ọdẹ́ṣínà bá dáhùn, òǹkà dàrú, yóò padà sísàlẹ̀ lọ tún ẹgbàá kà. Ìṣísẹ̀ mẹ́rin péré! Ṣùgbọ́n ọmọ Pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni. Kí àgbà kí i kó kọjá? Ibi tí wọ́n ti tọ́ ọ, ọmọ ọlọ́jọ́ mẹ́jọ pàápàá kì í dán an wò. Ó já dúró, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ kú ìjókòó o, bàbá mi. Ẹ kú ìsinmi o."

"Ilé ńkọ́?"

"Ilé wà."

"Ọ̀nà ńkọ́?"

"Ọ̀nà le, bàbá."

"Ọmọ ńkọ́?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, nígbà tí wọ́n bi í pé ọmọ ńkọ́, Ọdẹ́ṣínà, ọdẹ tó fi ọwọ́ lásán mú ẹkùn rí, ó bú sẹ́kún níbi tó dọ̀bálẹ̀ sí. Láti ọjọ́ tó ti kúrò nílé, gbogbo ẹni tó pàdé ló ń béèrè iye. Kò sí ẹni tó béèrè ọmọ. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún bàbá náà, ó sọ ti oyún méjì tó lọ, ó sọ ti oṣù tó ń tán lọ.

Bàbá náà jẹ́ kó sunkún tẹ́rùn. Lẹ́yìn náà ló ní, "Mo ní àlọ́ kan fún ọ. Ọ̀nà kan ni. Ó gùn lẹ́sẹ̀ ẹni tó ń lọ, ó kúrú lẹ́sẹ̀ ẹni tó ń bọ̀. Ta ló mọ gígùn rẹ̀ gan-an?"

Ọdẹ́ṣínà ronú kan Olóyè àti fèrèsé rẹ̀, kì í ṣe òun. Ó ronú kan àwọn Asáré-kà, àwọn náà kọ́. Ó wá rántí Ìbídùn bó ṣe dìde níbi ìpàdé, tó la ẹnu, tí wọ́n ní kó lọ jókòó. Ọ̀rọ̀ yẹn gún un láyà. Ó ní, "Ẹni tó jókòó sílé tó ń retí ni, bàbá. Òun ló mọ̀ ọ́n."

"Dìde," ni bàbá náà wí. "Orí keje lo ti sáré dé yìí, o ò mọ̀. Èmi ni mò ń ṣọ́ ọ. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti dúró." Ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò, ewé Sọ̀kalẹ̀-wẹ́rẹ́ sì wà nídìí kùkùté tó jókòó lé. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó já a fún un. Ó ní, "Ọ̀nà ọ̀fun òkè wà níhìn-ín. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni yóò fi gbé ọ dé ẹsẹ̀ òkè. Ṣùgbọ́n fetí sílẹ̀. Ewé yìí kì í rí wíwọ̀ oòrùn mẹ́ta. Bí oòrùn bá fi wọ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, koríko lásán ni."

Ọdẹ́ṣínà ní, "Láti ẹsẹ̀ òkè dé ilé mi, ìrìn ọjọ́ kan ṣì wà ńbẹ̀!"

"Mo mọ̀. Agbára mi parí sí ẹsẹ̀ òkè. Ọjọ́ kan yẹn, n kò ní in láti fún ọ."

Ta ni ì bá má jókòó kó máa sunkún? Ṣùgbọ́n bàbá tó bímọ kì í fi ọwọ́ ara rẹ̀ ju ewé sọnù. Ó bẹ orúnkún méjèèjì, wọ́n gbà láìjiyàn, ó sì kó sínú ọ̀fun òkè. Kò kà mọ́. Ó já okùn kúrò lọ́rùn, ó fi di ewé mọ́ àyà. Oòrùn wọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Oòrùn wọ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ní ọjọ́ kẹta, nígbà tí oòrùn ti ń lọ sílẹ̀, òkè pọ̀ ọ́ jáde sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ó wo iwájú, kò rí ilé kan. Ó wo ewé, etí rẹ̀ ti ń pọ́n. Ó mọ̀ pé ó ti parí. Kò mọ ohun tí ì bá ṣe mọ́, ni ó bá ṣe ohun tó máa ń ṣe bó bá ti etí igbó jáde láti ọjọ́ pípẹ́: ó gbé ìbọn sókè, ó yin ẹ̀tù kan ṣoṣo tó kù.

Ohùn kan sì dáhùn nínú koríko, kò jìnnà rárá. "Bàbá mi o! Mò ń bọ̀ wá gbẹrù o!"

Ìbídùn ni. Ó gbé ikùn rẹ̀ lọ́wọ́ méjèèjì, ó ń rìn bí pẹ́pẹ́yẹ. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Ìyá Ògẹ̀ wà, tó ń bú gbogbo ayé. Láti àárọ̀ ni ọmọ ti ń yí padà níkùn Ìbídùn. Ọjọ́ mẹ́rin ṣì kù nínú ìṣirò oṣù, ṣùgbọ́n wọn ò pe ọmọ náà sí ìpàdé, kò sì mọ̀ pé kò tíì yẹ kóun múra. Ìbídùn ní òun ti jókòó de ikú lẹ́ẹ̀mejì nínú yàrá yẹn, òun ò ní jókòó dè é lẹ́ẹ̀kẹta. Ó ní òun ń lọ pàdé bàbá òun. Ọkọ rẹ̀ náà tẹ̀ lé wọn, ó sì rìn títí dé ibi tí alángbá kan ti dábùú ọ̀nà.

Ìyá Ògẹ̀ ò tilẹ̀ kí ẹnikẹ́ni. Ó já ewé gbà, ó gbo ó sínú igbá omi, ó ní, "Mu ún!" Ìbídùn mu ún, ó di igi kan mú. Ọdẹ́ṣínà kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó dojú kọ oòrùn, ó ń bẹ̀ ẹ́ bó ṣe bẹ orúnkún. Oòrùn ku ìlàjì. Oòrùn ku fẹ́ẹ́rẹ́. Kó tó wọ̀ tán, ọmọ ké lẹ́yìn rẹ̀. Ó yíjú padà pẹ̀lú ìbẹ̀rù, Ìbídùn sì wà láàyè, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ó ń béèrè pé ẹrù bàbá òun dà, kóun gbà á.

Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n dé ibodè Pẹ̀tẹ́lẹ̀. Olóyè Láníyọnu ti wà níbẹ̀ lórí àga rẹ̀, okùn tirẹ̀ lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ le. Ó ní, "Ọdẹ́ṣínà, lójú okùn yìí, orí kìíní òkè lo wà báyìí. Ọjọ́ méjì ló kù kí o tó dé. O pẹ́ ní àlọ, o yá ní àbọ̀, ẹ̀ṣẹ̀ méjì nìyẹn. Jókòó síta títí kókó yóò fi tán." Ó wá yíjú sí Ìbídùn. "Ìwọ náà, ẹrù tó ń dá rìn. Ibùsọ̀ mélòó lo rìn kọjá ètò?"

Ìbídùn gbé ọmọ rẹ̀ sí èjìká kejì. Ó ní, "N ò kà á, bàbá. Mò ń lọ pàdé bàbá mi ni."

Ó sì kọjá wọlé. Gbogbo ìlú tẹ̀ lé e, títí kan àwọn tó ru àga Olóyè. Ibodè ni wọ́n gbé e kalẹ̀ sí, ó sì di dandan kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn délé lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní orúnkún rẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́nà.

Okùn Ọdẹ́ṣínà, ìtẹ́dìí ọmọ ni wọ́n ń sá sí i títí ó fi já.

Ó ti tó. Ẹ mú ìwé yín jáde. N ò ní kí ẹ má lọ o. Ẹ máa kọ máìlì yín, ẹ kọ ọ́ kó gún. Ṣùgbọ́n ẹ bi orúnkún léèrè, ẹ kí àgbà tí ẹ bá bá lọ́nà, kí ẹ sì fi àyè kan sílẹ̀ nísàlẹ̀ ìwé náà fún ẹni tó máa wá pàdé yín. Ẹ̀yin ń pè mí ní Bàbá Ọdẹ láti kékeré yín, kò sì sí ẹni tó bi mí rí pé kí ni orúkọ àbísọ mi. Abíọ́nà ni. Ìyá mi gbé mi rìn láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kí n tó fi ojú kan ayé, ẹsẹ̀ mi ò sì kan ilẹ̀. Adégòkè, ó yá, rẹ́rìn-ín.